Kọ́bọ̀ Tí Kò Ní Ihò

"Alágbèrè! Jáde kúrò nílé ọmọ mi!"

Ìyá Kọ̀yà ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ ní Amukoko láàárọ̀ Sátidé. Àpótí Ṣayọ̀, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ti balẹ̀ gbì lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ará ilé ti yọjú. Kọ̀yà fúnra rẹ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń mi orí bí ẹni tí ìbànújẹ́ bá. Alábòsí!

Kọ́bọ̀ àtijọ́ kan, ti ayé òyìnbó, ló sọnù. Bàbá Ṣayọ̀, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù Àpápá, ló fi í sílẹ̀ fún un. Gbogbo wa la mọ̀ pé kọ́bọ̀ àtijọ́ yẹn máa ń ní ihò láàárín. Eléyìí kò ní ihò rárá. Ẹ̀rọ tó rọ ọ́ ló ṣàṣìṣe. Bùrọ̀dá Ephraim, ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ, ní àṣìṣe yẹn ló sọ ọ́ di ọ̀wọ́n, pé owó tí òun yóò fi rà á yóò gba ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ fún Ṣayọ̀ ní ọjà Boundary. Ó wá gbà á láàárọ̀ yìí, kọ́bọ̀ ti pòórá!

"Àlè ẹ lo gbé e fún!" Kọ̀yà bú sí i. "Ojú ò tiẹ̀ tì ẹ́ níwájú ìyá mi?"

Ṣayọ̀ kúnlẹ̀. "Ìyá mi, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò ní àlè kankan! Ogún bàbá mi ni. Ṣé mo lè fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ?"

"Pa ẹnu ẹ dé!"

Bernice ló wọlé láti ìta nígbà náà. Yàrá kejì ló ń gbé, inú ìkòkò Ṣayọ̀ ló sì ti ń jẹun lójoojúmọ́. Ó rí àpótí nílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Kọ̀yà ń ṣẹ́jú sí i pé kó yára wọlé, àmọ́ ẹni tó fẹ́ fini ṣe yẹ̀yẹ́ kì í rí àmì.

"Àǹtí Ṣayọ̀, wetin happen? Wọ́n ti lé yín?"

Bùrọ̀dá Ephraim dìde. "Ọmọbìnrin, dúró ná! Kọ́bọ̀ wo ló wà lọ́rùn ẹ yẹn?"

"Èyí? Olólùfẹ́ mi ló fún mi, ó ní ti ìyá-ìyá òun ni. Àná ni mo ní kí alágbẹ̀dẹ góòlù lu ihò sí i, kí n lè fi ṣéènì kọ́ ọ. Ó fine, àbí?"

Bùrọ̀dá Ephraim káwọ́ lérí. "Ẹ ti pa á! Àìníhò ẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ rà! Kò já mọ́ nǹkan kan mọ́!"



"Ta ni olólùfẹ́ ẹ?" Ìyá Kọ̀yà béèrè.

Bernice wo Kọ̀yà. Kọ̀yà fò sókè. "Irọ́ ni! Mi ò mọ̀ ọ́n rí!"

"O ò mọ èmi? Ìwọ tí o ní o máa lé e jáde kí n lè wọlé? Kí ló dé tí o ò sọ fún mi pé nǹkan olówó ńlá ni?"

"Kí n sọ fún ìwọ, kí o tà á, kí o sá lọ?"

Ha! Ẹnu ara rẹ̀ ló fi kó bá ara rẹ̀. Ó purọ́ fún ìyàwó, ó purọ́ fún àlè, irọ́ méjèèjì sì pàdé lọ́rùn Bernice. Ẹni bá dalẹ̀, á bálẹ̀ lọ.

Bernice já ṣéènì náà, ó sọ ọ́ lu Kọ̀yà lójú, ó wọlé lọ kó ẹrù rẹ̀. Ni ọkùnrin yìí bá dọ̀bálẹ̀ fún Ṣayọ̀.

"Ìyàwó mi, dákun, gbé àpótí ẹ wọlé."

Ṣayọ̀ mú kọ́bọ̀ bàbá rẹ̀ nílẹ̀, ó so ó mọ́ etí ìró. "Ẹ̀yin lẹ gbé e jáde. Mi ò gbé e wọlé mọ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè gbé àpótí náà, àmọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀. Ìyá arúgbó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi ṣe òṣùká.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá mi, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!"

"Fi mí sílẹ̀! Ojú gbogbo ilé ni mo ti pè ẹ́ ní alágbèrè. Ojú gbogbo ilé náà ni màá ti ru ẹrù ẹ dé ilé bàbá ẹ."

Omijé ń dà lójú àwọn méjèèjì. Ìyá ń lọ níwájú, Ṣayọ̀ tẹ̀ lé e. Kọ̀yà ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kó dìde.