Ibi Tí Èhù Ń Kọjú Sí

Ẹni tó bá pe ìtàn yìí nírọ́, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí kì í mutí, kì í sì í fọ̀rọ̀ ṣeré.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wá ọ̀dùnkún tí sítáàṣì rẹ̀ yóò dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọ̀gá rẹ̀, ìyá arúgbó kan, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Wọn á fi ìtànṣán lu èhù kí àbùdá rẹ̀ lè yí padà, wọn á gbìn ín wò. Ọdún mẹ́jọ. Ọ̀gá kú láìrí i. Bí tọdún yìí náà bá já sófo, àwọn tó ń náwó sí i máa ti iṣẹ́ náà pa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọ yàrá òkùnkùn tí wọ́n ń kó ọ̀dùnkún sí. Ó tan tọ́ọ̀ṣì. Ó gé ọ̀kan, ó kán áyódíìnì, oògùn tí wọ́n fi ń dá irú sítáàṣì mọ̀, sí i. Àwọn tó kù máa ń dúdú bí aró. Eléyìí pọ́n bí osùn.

Òun gan-an ni wọ́n ti ń wá.

Ìgbà náà ló kíyè sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú àtẹ. Gbogbo èhù wọn, funfun, tín-ín-rín, kọjú sí igun yàrá. Ibi ìmọ́lẹ̀ ni èhù máa ń tẹ̀ sí, ṣùgbọ́n kò sí fèrèsé níbẹ̀. Àpótí ìjókòó ọ̀gá nìkan ló wà níbẹ̀.

Ó yí àtẹ náà padà. Ó pa tọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Nǹkan kan ń ha wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí aṣọ tó ń wọ́ nílẹ̀. Ó tan iná. Àwọn èhù ti tún kọjú sí igun.

Ó lọ jókòó sórí àpótí náà. Orí àpótí lọ́ wọ́ọ́wọ́, bí ibi tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Ó wo àtẹ. Èhù ti yí sọ́nà ilẹ̀kùn.

Ó gbé àtẹ náà jáde. Bàbá tó ń ṣọ́ yàrá jókòó lẹ́nu ọ̀nà.

“Bàbá, ta ló jáde?”

“Kò sẹ́ni tó jáde, Dókítà. Ṣebí ẹ̀yin méjì lẹ wọlé?”

“Èmi nìkan ni.”

Bàbá wo ẹ̀gbẹ́ Dókítà pẹ́. “Ojú àgbà ni,” ló sọ, ó sì ṣí fìlà díẹ̀, bí ẹni tó ń kí ènìyàn.

Ó gbé àtẹ náà gba inú oko lọ. Oòrùn ń ràn lápá òsì rẹ̀. Ọ̀nà àárín ebè há. Síbẹ̀, apá ọ̀tún rẹ̀ ni àwọn èhù tẹ̀ sí.

Ẹ̀rù ò bà á mọ́. Ó sún sí òsì díẹ̀, kí àyè lè gba àwọn méjèèjì.