Ọkọ̀ Tó Ń Kúnlẹ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ̀ Abíọ́nà kúnlẹ̀ fún ewúrẹ́. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, nítorí Abíọ́nà kò rẹ́rìn-ín rárá. Búrẹ́dì gbígbóná ló kún ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, ọkọ̀ òṣùpá yóò sì gbéra ní agogo mẹ́jọ. Bí búrẹ́dì rẹ̀ bá tún pẹ́ lónìí, ẹlòmíràn ni yóò gba iṣẹ́ bíbọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lókè òṣùpá. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un.

"Ẹ káàárọ̀ mà," ni ọkọ̀ náà wí fún ewúrẹ́.

"Ewúrẹ́ nìyẹn!" Abíọ́nà figbe ta. "Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

"Ó jù mí lọ, mà," ni ọkọ̀ dáhùn jẹ́jẹ́. "Oṣù méjì péré nìyí tí wọ́n ṣe mí."

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣíjúadé, ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abíọ́nà láti wo bí ọkọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ò rí i bí ó ṣe lẹ́kọ̀ọ́ tó?"

Láyé ìgbà tí mò ń sọ yìí, epo bẹntiróòlù ti dìtàn ní Òkè-Ìrọ̀rùn. Ìlú ló ń fún ilé kọ̀ọ̀kan ní ọkọ̀ kan, èyí tó o bá sì yàn, ìwọ àti ẹ̀ ló di ọdún mẹ́wàá. Wọ́n á jẹ́ kó o fi oṣù kan dán an wò. Àwọn kan yan Àṣá, ọkọ̀ tó ń fò. Ó dára lójú, àmọ́ agbọ̀n búrẹ́dì méjì kò lè wọ inú rẹ̀, iná tó sì ń jẹ lójúmọ́ tó ohun tí ààrò Abíọ́nà ń lò lọ́sẹ̀ kan. Ohun tó mú un yan ọkọ̀ Ọmọlúàbí yìí nìyẹn. Ó fẹ̀ nínú, iná tó ń jẹ kò pọ̀, ó sì ní orúnkún. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni oṣù ìdánwò máa pé.

Ta ló ní kí ọkọ̀ ní orúnkún? Àwọn àgbà ìlú ni. Wọ́n ní àwọn ọkọ̀ àtijọ́ máa ń fìrí kọjá láìkí ẹnikẹ́ni, pé ìwà àfojúdi ni. Ni Ṣíjúadé bá kọ́ ọpọlọ ọkọ̀ tuntun pé, ẹni tó bá jù ọ́ lọ, kúnlẹ̀ kí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbàgbé pé ọkọ̀ tuntun ni àbúrò gbogbo ayé. Àní lọ́jọ́ Àìkú, ó kúnlẹ̀ fún ọmọ olóṣù mẹ́ta tí ìyá rẹ̀ pọ̀n!

Nígbà tí wọ́n dé oríta, àwọn àgbà márùn-ún ti gbé àga kalẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń retí ìkíni. Bàbá Agbájé, bàbá Abíọ́nà, wà láàárín wọn. Ọkọ̀ kúnlẹ̀ fún ẹni tó dàgbà jù, ó dìde, ó kúnlẹ̀ fún ìkejì. Nígbà tó kan ẹnì kẹrin, ó kúnlẹ̀, kò sì lè dìde mọ́.

"Iná ti tán," ni ó wí, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, sà."

Abíọ́nà gbé ọwọ́ lérí. "Mo gbé! Iṣẹ́ mi ti lọ!"

"Ìkúnlẹ̀ ń gba agbára díẹ̀," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, ojú ń tì í.

"Díẹ̀ kẹ̀!" Bàbá Agbájé ti dìde. "Ìwọ Ṣíjúadé, nígbà tí mo ní kí ọkọ̀ má fojú di àgbà, ṣé mo ní kó má dé ibi tó ń lọ ni? Ó yá, ẹ kó búrẹ́dì yẹn!"

Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ tó wà nítòsí ló ti wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan jáde, ògbólógbòó tó ń lo oòrùn, tí gbogbo ilé ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ tó fi sú wọn. Abíọ́nà há sẹ́yìn láàárín agbọ̀n. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé agbọ̀n kan lé itan, ìyẹ̀fun ń ba aṣọ rẹ̀ jẹ́. Kẹ̀kẹ́ ń ké, ó ń lọ. Bàbá ń juwọ́ lọ́tùn-ún lósì: "Ẹ kú ìjókòó o! Ẹ kú iṣẹ́ o!" Kò sì dúró níbì kankan.

Wọ́n bá ilẹ̀kùn ọkọ̀ òṣùpá níbi tó ti fẹ́ máa padé. Búrẹ́dì wọlé.

Abíọ́nà bú sẹ́rìn-ín, omi sì lé sí i lójú. "Ẹ ṣeun, Bàbá."

"Màá yọ ewúrẹ́ kúrò nínú ẹ̀kọ́ ọkọ̀ yẹn," ni Ṣíjúadé ń sọ kíákíá. "Àti àwọn ọmọdé. Àgbàlagbà nìkan ni yóò máa kí."

Bàbá mirí. "Abíọ́nà, ọkọ̀ rẹ kò jẹ́ kí ọjọ́ kan lọ láìkí mi. Ṣùgbọ́n láti oṣù kan tó o ti gbé e, ṣé ìwọ kí mi?"

Òótọ́ ni Bàbá sọ. Inú ọkọ̀ ni Abíọ́nà máa ń jókòó sí títí ọkọ̀ yóò fi kí bàbá rẹ̀ tán.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n," ó wí, "ẹ bá mi yọ orúnkún ọkọ̀ mi kúrò. Ẹrù ni kó máa bá mi rù."

Ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, tòun ti ìyẹ̀fun lára. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá mi."

"Àwẹ̀ró," ni bàbá rẹ̀ dáhùn. "Àwẹ̀ró ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí?"

Oríkì rẹ̀ nìyẹn. Ó ti pé oṣù kan tó ti gbọ́ ọ kẹ́yìn.