Káfíńtà Tó Bá Àtẹ̀gùn Méje Jà

"Ọjọ́ tí wọ́n bí mi gan-an ni mo kan bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tẹ́ mi sí!"

Káfíńtà ló ń fọ́nnu báyìí lẹ́nu ọ̀nà káńsù, níbi tó ti ń tún àga ṣe. Bó ṣe gbójú sókè, ó rí Aránṣọ. Ìṣó mẹ́ta tó há sẹ́nu bọ́ sílẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ń lù kì kì kì débi pé àwọn ará òpópónà kejì rò pé wọ́n ń wó ilé.

Obìnrin náà kò dúró lójú kan. Ó lọ, ó bọ̀, bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀, lẹ́tà kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún méje tí wọ́n ń pè ní Lọ́yà nítorí ẹnu rẹ̀, jókòó sórí àga onítáyà, ó ń ka àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà káńsù.

"Méje. Bíi ti ilé ìwé tí wọ́n ti dá mi padà."

Ẹsẹ̀ Lọ́yà kò rìn, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ ń sáré. Ọ̀gá ilé ìwé ní kò sẹ́ni tí yóò máa gbé e gòkè lójoojúmọ́. Ọdún méjì nìyí tí ìyá rẹ̀ ti ń kó àwọn òbí bíi tirẹ̀ jọ, tí wọ́n ń bẹ káńsù pé kí wọ́n ṣòfin: ilé ìwé tó bá ní àtẹ̀gùn gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí àga onítáyà lè gùn. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò dìbò.

"Ẹ̀yin oníbẹ́ẹ̀dì," Lọ́yà pè é, "ṣé ẹ lè kan ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́?"

"Èmi? Èyí tí mo kàn lọ́jọ́sí, erin mẹ́rin ló gbà á gun òkè àjà!"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Aránṣọ láìròtẹ́lẹ̀. "Àwọn erin náà ń kọ́? Wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀?"

"Wọ́n kọ̀, arẹwà. Wọ́n ní ibẹ̀ tù wọ́n lára."

Báyìí ni wọ́n ṣe fẹnu kò: Káfíńtà yóò kan ọ̀kan sẹ́nu ọ̀nà káńsù, kí Lọ́yà lè fúnra rẹ̀ wọlé lọ́jọ́ ìdìbò. Láti ọjọ́ náà, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́ ló ń wá sí ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ wá wọn àga ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ló wọ̀n ọ́n, bí ẹni pé àga ń dàgbà.

Ìyá Àgbà, ìyá Aránṣọ, kò rẹ́rìn-ín. "Ẹnu dídùn ni bàbá ọmọ yìí náà ní. Ọjọ́ tí dókítà sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ọmọ, ó ní òun ń lọ ra omi. Omi náà ò tíì dé. Èyí náà á sá."

Aránṣọ fa maṣíìnì rẹ̀ mọ́ra. Ó ń tẹ maṣíìnì lọ kíkankíkan, bẹ́ẹ̀ kò sáṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Ọjọ́bọ̀ dé. Lọ́yà yí táyà rẹ̀, ó dé àárín ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí Káfíńtà kàn, ó yí pa dà sẹ́yìn gbirigbiri. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyá rẹ̀ tó gbá a mú. Ó tún un gbìyànjú, ó tún yí pa dà.

"Ìyáàfin, ọ̀nà yín kò gbé ọmọ yín," ni Alága káńsù wí láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ jẹ́ ká sún ìdìbò sí ọdún tó ń bọ̀."

Ojú Aránṣọ pọ́n. Gbogbo èrò kọjú sí Káfíńtà, wọ́n ń retí irọ́ tó ga ju òkè lọ.

"Ẹ̀bi tèmi ni," ó wí, ohùn rẹ̀ kéré. "Òrùlé ni mo mọ̀ ọ́n kàn. Bí òrùlé ni mo ṣe mú kó dagẹ̀rẹ̀, kí òjò lè ṣàn. N kò kan irú rẹ̀ rí."

"Ẹsẹ̀ bàtà kan ní gíga, méjìlá ní gígùn," Lọ́yà kígbe. "Ó wà nínú lẹ́tà màámi!"

"Ẹ gbọ́!" Aránṣọ fò síwájú. "Bí káfíńtà tó fẹ́ràn ọmọ mi bá lè ṣì í, kí ni ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ yóò ṣe? Ẹ kọ ìwọ̀n náà sínú òfin, kẹ́ ẹ sì dìbò lónìí!"

Alága wo ọmọ náà, ó wo pákó. "Akọ̀wé, kọ ọ́."

Wọ́n dìbò. Òfin wọlé.

Ní Sátidé, Káfíńtà gbé ọ̀nà tuntun wá sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù. Ẹnu ọ̀nà náà kò ga ju ààbọ̀ ẹsẹ̀ bàtà lọ; ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ni ibẹ̀ nílò. Méjìlá ló kàn, kí ọkàn òun lè balẹ̀.

"Mo fẹ́ fẹ́ ọ," ó wí. "Ìwọ àti Lọ́yà. Mo ti sọ fún àwọn ẹbí mi, àwọn méjìlélọ́gbọ̀n. Wọ́n sunkún ayọ̀ títí kànga fi kún. Wọ́n ti wà lọ́nà."

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin gbà kọjá. "Àbúrò mi! Ibí lo ń sá wá lójoojúmọ́? Ta ni ìyáàfin yìí?"

Káfíńtà ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," Aránṣọ kúnlẹ̀ kí i, ó ń fi ọwọ́ bo ẹ̀rín, "ṣé ojú yín ti gbẹ lẹ́yìn ẹkún ayọ̀?"

"Ẹkún wo?"

Káfíńtà ki eré mọ́lẹ̀, bàtà kan bọ́ sílẹ̀.

"Ṣé mo wí?" Ìyá Àgbà pàtẹ́wọ́. "Ó sá!"

Lọ́yà ti wà lórí pákó, ó ń nàka. "Ilé wọn ló kọjú sí, Màámi."

Ohùn kan ń dún láti ìsàlẹ̀ àdúgbò: "Ẹ dúró dè mí! Mò ń lọ pè wọ́n ni! Gbogbo àádọ́ta!"

"Méjìlélọ́gbọ̀n lo wí lẹ́ẹ̀kan!" Aránṣọ pariwo tẹ̀lé e. Ó mú bàtà náà, ó gbé e lé itan, ó sì jókòó jẹ́ẹ́, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjì.