Bàtà Ọ̀gá Jámánì

Iwájú wọ́ọ̀dù àwọn aboyún ní Aládé ni Olúwadùnsìn wà nígbà tí ìdáhùn tó ń retí láti Jámánì wọlé sórí fóònù rẹ̀. Ó kà á, ó tún un kà, ó wá jókòó pẹ̀lẹ́ sórí bẹ́ǹṣì. Ilé ìwòsàn tó fún un níṣẹ́ lọ́hùn-ún ní ohun tó fi ránṣẹ́ kì í ṣe ìtumọ̀ ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì rárá. Ojú ewé ìwé atúmọ̀ èdè ni. Ẹni tó ṣe é kàn to gbogbo ìtumọ̀ tí lẹ́tà C, máàkì tí Dùnsìn gbà nínú ìdánwò, lè ní lédè Jámánì ni: ọgọ́rùn-ún àwọn ará Róòmù, kábọ̀nì, ìwọ̀n ooru, ohùn orin. Níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé Dùnsìn páàsì, ó kọ ìwé ìrìnnà, ó kọ ọ̀nà tó gba àárín òkè kọjá, ó tún kọ kí èèyàn gbá bọ́ọ̀lù fún ẹlòmíì. Bí ìtumọ̀ gidi àti ojúlówó ìwé ẹ̀rí kò bá dé kí oṣù tó parí, wọ́n á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì.

"Ọ̀nà àárín òkè! Èmi Dùnsìn!" Tìbínú-tìbínú ló fi dìde.

Ojúlówó ìwé ẹ̀rí ọ̀hún kò sì sí nílé. Ọwọ́ Fọláyan ló wà, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Fọláyan yìí ni gbogbo Ìdànrè ń pè ní Ọ̀gá Jámánì. Ó gba ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá gáréèjì, ó ta àsíá Jámánì sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wọ bàtà pupa ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí kì í yé fi áńkáṣífù nù. Ó ní òun ti gbé Jámánì rí. Kò sẹ́ni tó bi í pé ìlú wo. Ojúlówó ìwé ló máa ń gbà lọ́wọ́ èèyàn, ó ní òǹtẹ̀ kò ṣeé lù lórí fotokópì. Á wá kìlọ̀ pé kí o má fi ìwé tí òun túmọ̀ han ẹnikẹ́ni, torí ayé burú. Ta ni kò mọ̀ pé ayé burú? Gbogbo wọn gbà á gbọ́.

Dùnsìn já wọ ṣọ́ọ̀bù.

"Ọ̀gá, wọ́n ní ẹ sọ mí di ọ̀nà òkè."

Ó rẹ́rìn-ín. "Nọ́ọ̀sì, fara balẹ̀. Àwọn Jámánì fẹ́ kí nǹkan pé. C kan ṣoṣo, ìtumọ̀ rẹ̀ lè kún ojú ewé. Mo kọ gbogbo rẹ̀ kí wọ́n lè mú èyí tó bá wù wọ́n."

"Àwọn ló máa mú un? Kí wá ni iṣẹ́ yín? Ẹ fún mi ní ìwé mi."

"Ó wà ní Àkúrẹ́, wọ́n ń lu òǹtẹ̀ sí i. Lọ́la."

Lọ́la dé, ó ní kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìgbà tó yá, ó ní ẹni tó ń lu òǹtẹ̀ lọ sìnkú. Bí Dùnsìn bá pè é, á ní òun ti wà lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ariwo tẹlifíṣọ̀n ń hó lẹ́yìn rẹ̀. Ó sú Dùnsìn. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ní kó gbé ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí Fọláyan túmọ̀, lọ fún àdúrà ní ọjọ́ Àìkú, kò jiyàn.

Nínú ìjọ Aláàdúrà tiwọn, ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn àjò á tẹ́ ìwé rẹ̀ síwájú pẹpẹ kí Wòlíì tó ta òróró sí i. Ẹsẹ̀ lásán ni gbogbo wọn. Lọ́dọ̀ tiwọn, sùtánà, aṣọ funfun ìjọ, àti bàtà kì í pàdé. Ẹni tó bá ti kó sùtánà sọ́rùn, ì báà jẹ́ orí títì gbígbóná, kò gbọdọ̀ fi bàtà tẹ̀ ẹ́. Fọláyan náà yọjú láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ń wá oníbàárà. Wọ́n ní kó bọ́ bàtà kó tó wọlé. Ó ní ká má rí i, bàtà tòun kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń bọ́ sílẹ̀ níta. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Dùnsìn kúnlẹ̀, ó tẹ́ ìwé rẹ̀. Àjàgbé, ará Ọ̀yọ́ tó ń ṣe oko kòkó ní Atosin, tó sì kọ́ṣẹ́ wẹ́dà, iṣẹ́ jíjó irin pọ̀, mọ́ ọn, kúnlẹ̀ tì í, ó tẹ́ tirẹ̀. Dùnsìn wo èyí, ó wo ìyẹn. C kan náà. Ọ̀nà àárín òkè kan náà. Orúkọ tó wà lókè nìkan ló yàtọ̀. Ó na ọrùn wo ti ẹni tó tẹ̀ lé e: bákan náà ni.

"Bọ̀dá Àjàgbé, ta ló ṣe ìwé yìí fún yín?"

"Ọ̀gá Jámánì. Iṣẹ́ wẹ́dà mi ló túmọ̀."

"Nọ́ọ̀sì lèmi! Báwo ni tèmi ṣe bá ti wẹ́dà mu délẹ̀délẹ̀?"

Gbogbo orí yí sẹ́nu ọ̀nà. Fọláyan ti lọ. Sùtánà kan tí wọ́n sá sórí okùn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì náà sì ti lọ, àmọ́ kò tíì sẹ́ni tó fura.

Wọ́n sáré lọ fẹjọ́ sùn ní tẹ́ṣàn ọlọ́pàá. Ìgbà tí Inspẹ́kítọ̀ Rùkáyátù fi máa já kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, inú àpótí tí Fọláyan ń kó ìwé sí ti ṣófo. Ó yíjú sí wọn. "Ẹ̀yin náà! Ojúlówó ìwé, ẹ kàn gbé e fún ẹni tí ẹ ò mọ ilé ìyá rẹ̀?" Dùnsìn fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Àwọn ará gáréèjì ní ọkọ̀ Ofosu ló wọ̀. Bó bá ti dé títì márosẹ̀ tó lọ sí Bìní, ó tán nìyẹn. Inspẹ́kítọ̀ àti kọ́pùrù rẹ̀ fò sínú ọkọ̀ ọlọ́pàá, Dùnsìn àti Àjàgbé lẹ́yìn. Táyà jò lọ́nà. Dùnsìn dúró sẹ́bàá igbó, ó ń wo bí kọ́pùrù ṣe ń wá jáàkì, ó sì bú sẹ́kún.

Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ táyà tán, wọ́n bá bọ́ọ̀sì Bìní kan ní Ofosu tó ti kún, tó fẹ́ gbéra. Kọ́pùrù yẹ ojú gbogbo èrò wò. Lẹ́bàá ilẹ̀kùn, wòlíì kan tó wọ sùtánà fi aṣọ borí, ó gbá báàgì mọ́ àyà, ó ń gbàdúrà kíkankíkan.

"Ẹ rántí wa nínú àdúrà o, Bàbá," ni kọ́pùrù wí. Ó lu ara ọkọ̀. "Ẹ máa lọ!"

Ọkọ̀ sún. Wòlíì fa ẹsẹ̀ wọlé kí wọ́n lè ti ilẹ̀kùn, ẹnu bàtà pupa ṣóńṣó kan sì yọ lábẹ́ aṣọ funfun.

"Ẹ dá a dúró!" Igbe tí Dùnsìn ké, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. "Sùtánà pẹ̀lú bàtà! Òun ni!"

Fọláyan bẹ́ sílẹ̀, ó gba ọ̀nà igbó. Sùtánà há a lẹ́sẹ̀, ó ṣubú, ó dìde, ó fa ìdì ìwé kan yọ nínú báàgì.

"Bí ẹnikẹ́ni bá sún mọ́ mi, màá fa ìwé yín ya!"

Gbogbo wọn dúró gbagidi. Àjàgbé nìkan ni kò dúró. Ó ti gba ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì yọ, ó fi ọwọ́ tó ń gbé irin gbá ọwọ́ Fọláyan méjèèjì mú. Ìwé bọ́ sílẹ̀, Dùnsìn sì dà bò wọ́n.

Ní tẹ́ṣàn, Inspẹ́kítọ̀ na ìtumọ̀ ìwé Dùnsìn sí Fọláyan. "Kà á fún mi."

"Màdáámú..."

"Kà á. Ṣebí Ọ̀gá Jámánì ni ọ́."

"Mi ò gbọ́ Jámánì."

"O ti gbé ibẹ̀ rí?"

"Mi ò kọjá ẹnubodè Ṣẹ̀mẹ̀ rí."

"Ta ló kọ èyí?"

"Mo tẹ C sórí fóònù, ìtumọ̀ rọ́ jáde. Mo tẹ páàsì, òmíràn tún rọ́ jáde. Kò sẹ́ni tó lè kà á, gbogbo wọn ṣáà ń dúpẹ́."

"Ojúlówó ìwé ńkọ́? Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Inspẹ́kítọ̀ gbá tábìlì.

"Àwọn kan ní Bìní fẹ́ rà á. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́, tó fẹ́ ṣí ilé ìwòsàn."

"Kó máa fi orúkọ mi gbẹ̀bí?" Ohùn Dùnsìn ti wọlẹ̀. "Kí aboyún kú sórí orúkọ mi?"

Inspẹ́kítọ̀ ya fọ́tò àwọn ìwé náà, ó ní kí oníkálukú gba tirẹ̀. Àjàgbé fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní eruku ló kó sí i. Dùnsìn pe ìyá rẹ̀, kò lè sọ ju "Màámi, mo ti rí i" lọ. Oṣù kò tíì parí, àyè ṣì wà láti wá atúmọ̀ gidi.

Kọ́pùrù ṣí ilẹ̀kùn ṣẹ́ẹ̀lì. "Bọ́ bàtà."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, bàtà yìí..."

"Bọ́ ọ! Èèyàn kì í wọ bàtà wọ ibí."

Fọláyan bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ ọ, ó fi í ti ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán wọlé lórí sìmẹ́ǹtì tútù. Dùnsìn dúró wò ó títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn.

"Ó ṣeé bọ́ náà ṣá," ló wí, ó sì di ìwé rẹ̀ mú lọ sílé.