Ta Ló Da Omi Òdòdó Sórí Ìlú Amọ̀?

Gbogbo ìlú náà ló ti run.

Afárá ti já sí méjì. Ọsibítù ti yọ́ dà sórí ọjà, ọjà sì ti yọ́ dà sínú odò. Omi pupa ń ṣàn ní gbogbo òpópónà bí ẹ̀jẹ̀. Kò sí ilé kan ṣoṣo tó ṣì wà lóòró.

Ẹni tí wọ́n ní ó ṣe iṣẹ́ ibi náà dúró ní àárín gbùngbùn ìparun ọ̀hún. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pupa fòò. Ẹ̀rù ò bà á, inú ló ń bí i. Eyín iwájú rẹ̀ méjì ti ká.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni.

Orí tábìlì ni ìlú náà wà, ní kíláàsì kìn-ín-ní. Amọ̀ ni àwọn ọmọ fi mọ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ wọn títì, wọ́n fi ìdérí ìgò ka ilé. Lónìí gan-an ni àwọn òbí ń bọ̀ wá wò ó.

Ìjì ni gbogbo iléèwé ń pe ọmọbìnrin náà, nítorí bó ṣe máa ń já wọlé. Ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ló ń tọ́ ọ. Sájẹ́ńtì ni ìyá náà lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá kó tó fẹ̀yìn tì. Ohùn rẹ̀ nìkan ni ò tíì fẹ̀yìn tì. Ó ṣì ń bá Ìyá Onígbàálẹ̀ tàkúrọ̀sọ lẹ́nu gèétì ní àárọ̀ ọjọ́ náà nígbà tí igbe ta. Ó sáré. Gèlè já bọ́, kò bojú wẹ̀yìn.

Àǹtí, ọ̀dọ́ olùkọ́ kíláàsì kìn-ín-ní, ló kígbe. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lérí.

"Ìjì! Kí lo ṣe yìí?" Sájẹ́ńtì bú ramúramù.

"Èmi kọ́ o, Màmá!"

Sájẹ́ńtì wo ọwọ́ ọmọ náà. Ó ti wo ọwọ́ pupa púpọ̀ rí nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn ló ní àwọn kọ́.

Ọ̀gá Àgbà iléèwé wọlé, ó sì na ìka sí ọmọ náà. Ẹ̀wù funfun rẹ̀ ń tàn, àfi àbàwọ́n kékeré kan tó ní àwọ̀ ewé lẹ́nu ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀rí rèé lọ́wọ́ rẹ̀! Mo ti sọ ọ́ tipẹ́ pé eré lẹ ń ṣe níbí. Àwọn òbí á débí, wọ́n á fojú ara wọn rí i. Ọmọ yìí ò ní padà sí iléèwé mi mọ́. Tó bá di ọ̀la, àwọn tó kù á jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n á máa ka ohun tó wà lójú pátákó. Amọ̀ parí! Omi parí! Àǹtí, ìwọ náà, wá iṣẹ́ míì."

Àǹtí bú sẹ́kún. Sájẹ́ńtì ò sunkún. Ó fa ìró rẹ̀ mọ́ra, ó so ó le.

"Ọ̀gá, ṣé àwọn òbí ò tíì dé?"

"Wọn ò tíì dé."

"Ó dáa. Kí wọ́n tó dé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kúrò nínú ọgbà yìí. Ẹ̀yin náà wà nínú ẹnikẹ́ni o."

Ó mú Ìjì lọ síbi fèrèsé. Aṣọ wẹ́wẹ́ tí àwọn ọmọ ti rẹ láwọ̀ rọ̀ sórí okùn níbẹ̀, àwọn kan pupa, àwọn kan ní àwọ̀ ewé.

"Ìgbà tó o wọlé, ṣé ilẹ̀kùn wà ní títì?"

"Ó ṣí sílẹ̀."

"Kí ló wá gbé ọwọ́ rẹ dé inú ẹ̀?"

"Ilé wa ló ń ṣubú, Màmá. Èyí tí mo mọ fún ẹ̀yin àti èmi. Mo fẹ́ dì í mú." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Sájẹ́ńtì wúkọ́ bí ẹni tí ẹ̀fọn kó sí lọ́fun. Ó padà sídìí tábìlì. Ìgò ńlá kan dùbúlẹ̀ níbẹ̀, òfìfo.

"Kí ló wà nínú èyí?"

"Omi òdòdó pupa," ni Àǹtí fèsì. "Àwọn ọmọ ló já òdòdó, àwọn ló fún un. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ni mo gbé e sí."

Sájẹ́ńtì ti ìka bọ inú ògiri tó kù díẹ̀ kó wó. Ìka wọlé pátápátá. Inú lọ́hùn-ún ti rọ̀ bí ẹ̀kọ.

"Àǹtí, amọ̀ tó ti gbẹ báyìí, ṣé kíá ló máa ń yọ́?"

"Rárá, Màmá. A ti dán an wò. A da omi lé e lórí, a lọ ṣeré níta, a ṣeré tẹ́rùn kó tó rọ̀ dénú."

"Ọmọ mi ò tíì pẹ́ tó wọlé tẹ́ ẹ fi kígbe. Ẹni tó da omi yìí ti dà á kí Ìjì tó já wọ gèétì."

"Há!" Ọ̀gá Àgbà pàtẹ́wọ́. "Ó ti di amọ̀ la fẹ́ gbọ́ ẹ̀rí ẹ̀! Ẹ gbé e dúró nílé ẹjọ́ nígbà náà, kó búra!"

"Mo ti rí amọ̀ tó sọ òótọ́ ju èèyàn lọ," ni Sájẹ́ńtì fèsì. "Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yìí?"

Àwọn mẹ́ta ló ní in: Àǹtí, Ìyá Onígbàálẹ̀ àti Ọ̀gá Àgbà fúnra rẹ̀. Gbogbo ojú ti rí Àǹtí tó ń gba gèétì wọlé lẹ́yìn Ìjì. Sájẹ́ńtì kọjú sí Ìyá Onígbàálẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi, a jọ ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ni. Má bínú. Wọ́n ní ojoojúmọ́ lò ń ṣépè fún amọ̀ yìí."

"Mo ń ṣépè fún un! Màá tún ṣẹ́ ẹ báyìí, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́! Ẹsẹ̀ amọ̀ nílẹ̀, ọwọ́ amọ̀ lára ògiri! Nígbà tí mo gbálẹ̀ tán láàárọ̀, odindi ni ìlú wà. Mo tilẹ̀kùn."

"O ní kọ́kọ́rọ́. O tún ń bínú."

"Sájẹ́ńtì, ẹ wolẹ̀." Ìyá Onígbàálẹ̀ na ìgbálẹ̀ sí adágún pupa tó gba gbogbo ilẹ̀. "Ta ló máa nù ún?"

Sájẹ́ńtì wolẹ̀. Ó gbójú sókè.

"Ìwọ ni."

"Ẹ ṣeun. Ṣé orí mi yí ni?"

Ìyẹn parí síbẹ̀. Ó ku olùkọ́ kíláàsì kejì: kò ní kọ́kọ́rọ́, àmọ́ ó lè yá ti ẹlòmíì. Ẹ-Tún-Un-Kà ni àwọn ọmọ ń pè é, torí kò mọ̀ ju kó ka nǹkan, kó ní kí wọ́n tún un kà. Lábẹ́ àtẹ̀gùn ni Sájẹ́ńtì ti rí i, ó ń fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn.

"Mú ọwọ́ jáde."

"Màmá, kò sí nǹkan..."

"Mú un jáde kí n tó bá ọ mú un!"

Ó mú un jáde. Ìka rẹ̀ pupa.

"Íńkì ni! Íńkì tí mo fi ń máàkì ni!"

"Wọ́n ní ara ń ta ọ́ sí Àǹtí."

"Báwo ni ò ṣe ní ta mí? Àwọn ọmọ mi ń bẹ̀ mí pé kí n dá wọn padà sí kíláàsì kìn-ín-ní! Màmá, ta lẹ rí rí tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá òun padà sẹ́yìn?"

"Torí ẹ̀ lo ṣe bà á jẹ́."

Lójijì, ọkùnrin gìrìwò náà bú sẹ́kún.

"Afárá yẹn," ó ń ṣe òsúkè, "èmi ni mo mọ ọ́n. Tí iléèwé bá ti jáde, Àǹtí máa ń jẹ́ kí n bá wọn tún un ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Ọ̀gá. Ó lè ní kí n kó ẹrù mi."

Sájẹ́ńtì fún un ní etí ìró rẹ̀ kó fi nu imú. Lẹ́yìn náà ló kábàámọ̀ pé òun yá a ní ìró.

Ó lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà. Abọ́ ìfọwọ́ wà nígun yàrá, ọṣẹ tí omi ò tíì gbẹ lára rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá, kí ló kan ọwọ́ ẹ̀wù yín?"

Ọ̀gá Àgbà wo ọwọ́ ẹ̀wù. "Ewé ni. Mo já ewé tó dí fèrèsé mi láàárọ̀."

Sájẹ́ńtì wo fèrèsé. Lóòótọ́, ewé dí i. Lóòótọ́, wọ́n ti já díẹ̀ níbẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ó jáde síbi ẹ̀rọ omi, inú rẹ̀ bàjẹ́. Ìjì dúró níbẹ̀ nìkan, ọwọ́ pupa rẹ̀ na síwájú bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn òbí ti ń wọlé. Àwọn kan ń na ìka sí i. Ìyẹn ló bí ìyá àgbà náà nínú.

"Wá níbí. Ẹnì kankan ò ní na ìka sí ọ mọ́. Wá, ká fọ̀ ọ́ kúrò."

"Ẹ fi í sílẹ̀!" Ọ̀gá Àgbà pariwo láti ojú fèrèsé. "Ẹ̀rí lẹ fẹ́ fọ̀ dànù yẹn!"

Sájẹ́ńtì ṣí ẹ̀rọ omi. Ó fi ọṣẹ pa ọwọ́ ọmọ náà. Ó fọ̀ ọ́. Ó dúró.

Ìfófòó ọṣẹ ti yí padà. Kò pupa mọ́. Ó ti di àwọ̀ ewé.

"Kí lèyí?"

Ìjì wò ó tàánútàánú. "Ẹ ò mọ̀ ni, Màmá? Bí omi òdòdó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tó bá rí ọṣẹ. Gbogbo kíláàsì wa ló mọ̀ ọ́n. A fi rẹ aṣọ tó wà lórí okùn."

"Gbogbo kíláàsì?"

"Àfi Ọ̀gá Àgbà. Láti ọjọ́ tí aṣàbẹ̀wò iléèwé wá, kò wọ kíláàsì wa mọ́."

Sájẹ́ńtì dìde díẹ̀díẹ̀. Orókùn rẹ̀ ró kẹ́ẹ́.

"Ìjì, kí ló máa ń sọ ọ́ di pupa padà?"

"Ọsàn wẹ́wẹ́."

"Lọ mú un wá."

Yàrá kíláàsì kìn-ín-ní kún dẹ́nu. Àwọn òbí dúró ti ògiri, àwọn ọmọ jókòó sílẹ̀. Alága àwọn òbí, ìyá kan tó ń ránṣọ, dúró níwájú. Ọ̀gá Àgbà ti sọ̀rọ̀ débi tó le.

"...a ò sì ní fi ọmọ ẹlẹ́mìí ìparun sáàárín àwọn ọmọ yín!"

"Ó tó," ni Sájẹ́ńtì wí láti ẹ̀yìn. "Ẹ ti sọ tiyín. Ẹ̀yin ọmọ, tí ẹ bá fi ọṣẹ sínú omi òdòdó pupa, kí ló máa ń dà?"

"ÀWỌ̀ EWÉ!" Gbogbo kíláàsì bú sí i, fèrèsé mì.

Ojú alága ló kọ́kọ́ dé ọwọ́ ẹ̀wù Ọ̀gá Àgbà. Lẹ́yìn náà, ojú gbogbo ènìyàn.

"Ewé ni!" Ọ̀gá Àgbà di ọwọ́ ẹ̀wù mú. "Mo ti sọ fún ìyá yìí! Ewé ni mo já!"

"Bóyá ni," Sájẹ́ńtì fèsì. "Ọsàn wẹ́wẹ́ ò lè sọ ewé di pupa. Tí kò bá yí padà, màá bẹ̀ yín, màá sì mú ọmọ mi lọ sílé. Ẹ na ọwọ́."

Kò nà án. Alága bá a nà án. Ìjì fún ọsàn náà sórí àbàwọ́n, ó fi gbogbo agbára fún un, ó fi eyín tó kù há ètè.

Àwọ̀ ewé náà ṣá. Ó yí. Ó pupa.

Ẹnì kan ní, "Yéè!" Ẹ-Tún-Un-Kà ni.

"Ìyá Onígbàálẹ̀ tilẹ̀kùn," ni Sájẹ́ńtì wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ìyẹn ló sì bani lẹ́rù. "Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ yín ṣí i. Ẹ gbé ìgò láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ dà á sórí iṣẹ́ ọmọ kékeré. Ó ta sí yín lára, ẹ lọ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ wá já ewé kẹ́ ẹ lè rí irọ́ pa. Ẹ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, torí ẹ mọ ẹni tó máa ń kọ́kọ́ dé. Kí lọmọ yìí ṣe yín?"

Ọ̀gá Àgbà wo òrùlé. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ìbínú ló kún inú rẹ̀, kì í ṣe ìtìjú.

"Ó fi mí ṣẹ̀sín! Ọjọ́ tí aṣàbẹ̀wò wá, mo dúró níbí, mo ní ohun tó bá wúwo ló ń rì. Ọmọ yìí gbé ìtì igi, ó jù ú sínú omi. Igi léfòó. Ó mú ìṣó kékeré kan, ó jù ú sí i. Ìṣó rì! Aṣàbẹ̀wò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Èmi! Lójú ọmọ ọdún mẹ́fà!"

"Ó fi igi sínú omi ni!" Sájẹ́ńtì ké mọ́ ọn. "Ẹ̀kọ́ ló kọ́ yín lọ́fẹ̀ẹ́! Ẹ̀yin wá fẹ́ ba ayé ẹ̀ jẹ́!"

Alága tú ọwọ́ ẹ̀wù náà sílẹ̀ bí ìdọ̀tí. "Ìjì ń bọ̀ níléèwé lọ́la. Àǹtí ń bọ̀. Ẹ̀yin lẹ ò ní bọ̀. A ti ń pe àwọn aláṣẹ."

Ọ̀gá Àgbà kọjú sí Sájẹ́ńtì, ó tẹrí ba. "Màmá, ẹ forí jì mí."

"Èmi kọ́ lo ṣẹ̀."

Ó pẹ́ kí Ọ̀gá Àgbà tó lè kọjú sí ọmọ náà. Ó pẹ́ kó tó lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ìjì. Má bínú."

"Mò ń bínú," ni Ìjì fèsì.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Títí di ìgbà wo?" ni Ọ̀gá Àgbà béèrè.

Ọmọ náà ronú. Ó wo tábìlì, ó wo bàtà dídán Ọ̀gá Àgbà. "Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń po amọ̀. Ẹ bọ́ bàtà."

Ó bọ́ bàtà. Ó ká ṣòkòtò sókè. Níwájú gbogbo òbí, kí àwọn aláṣẹ tó dé, ó wọ inú ọpọ́n tí wọ́n ti ń po amọ̀ ní kíláàsì, ó ń tẹ amọ̀ mọ́lẹ̀, ìgbà kan ẹsẹ̀ ọ̀tún, ìgbà kan ẹsẹ̀ òsì. Ìjì káwọ́ sẹ́yìn bí ọlọ́pàá, ó ń yí i po.

"Kò tíì kúnná," ó ní. "Ẹ máa pò ó."