Akọ̀wé Tó Lẹ́kọ̀ọ́ Ilé

Akọ̀wé aláìlọ́wọ́ méjì, ẹ̀rọ tó ń dá kọ̀wé, ló wà níwájú Fadérera, ara rẹ̀ ò sì balẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń po afẹ́fẹ́ mímí fún gbogbo Ìlú Òṣùpá ló ní kó dán wọn wò, kó mú ọ̀kan. Téèyàn bá ti ṣàlàyé ẹ̀rọ kan fún irú akọ̀wé yìí, fúnra rẹ̀ ni yóò to bí wọ́n ṣe ń lò ó, yóò ya àwòrán sí i, yóò sì gbé e sára ògiri níbi tí òṣìṣẹ́ ti ń ṣiṣẹ́. Ṣókí lorúkọ àkọ́kọ́. Gbólóhùn rẹ̀ ò ju "Dúró! Má ṣí i!" lọ. Ọmọlúàbí ni ìkejì. Ìyẹn a máa kí èèyàn kó tó sọ̀rọ̀.

Bàbá Ọ̀ṣúnlànà, olórí àwọn tó ń tún páìpù ṣe, ka iṣẹ́ Ṣókí, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Ta ni eléyìí ń bá wí?"

"Ẹ̀rọ ni, Bàbá."

"Ẹ̀rọ! Èmi tí mo ru irin àkọ́kọ́ wọ ìlú yìí, òun ló ń sọ fún mi pé 'Dúró', bí ẹni ń lé ajá?"

Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú, sà," ni Fadérera wí. "Atẹ́gùn inú páìpù yẹn tutù débi pé ó ń jó ẹran ara. Kò mọ̀ pé àgbà ni yín."

"Ìwọ sáà mọ̀. Ọmọlúàbí la fẹ́."

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ní èyí tí àwọn àgbà bá máa kà ni kí wọ́n lò ná. Wọ́n ní kí Ọmọlúàbí máa kọ̀wé sára ògiri. Fadérera jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń ka ohun tí Ọmọlúàbí ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ránṣẹ́ sọ́dọ̀ Bàbá:

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà wa. Bí àyè bá gbà yín, ẹ bá wa dúró díẹ̀ kí ọwọ́ aago tó ń wọn agbára atẹ́gùn wálẹ̀, kí ẹ tó ṣí páìpù."

Ìkìlọ̀ ti di ẹ̀bẹ̀! Ó fò dìde, ó sáré gba ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ lọ, bàtà rẹ̀ kan yọ, kò wẹ̀yìn.

Nígbà tó débẹ̀, Bàbá ti bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ti di ọwọ́ páìpù mú. Ọwọ́ aago ṣì wà lókè téńté. Kí Fadérera tó mọ ohun tó ń ṣe, eékún rẹ̀ ti kanlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí kò bá ní ni yín lára, mo fẹ́ bá yín..."

"Mò ń gbọ́ ẹ, ọmọ mi. Jẹ́ n kọ́kọ́ ṣí eléyìí."

Ó yí i.

Èéfín funfun bo yàrá. Nígbà tó lọ tán, ọwọ́ ọ̀tún Bàbá Ọ̀ṣúnlànà ti lẹ̀ mọ́ irin, ó le gbandi, àwọn ìka rẹ̀ ò mì mọ́. Fadérera tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ ni Bàbá ń wò.

"Ọmọ yìí," ló wí, "o kúkú rí i. Kí ló dé tí o ò jágbe mọ́ mi?"