Orúkọ Tí Àríkẹ́ Ń Jẹ́

Ìròyìn náà pẹ́ kó tó dé Iyaro ní ìlú Benin. Tiransifọ́mà àdúgbò ló bú, fóònù Morọ́láyọ̀ sì ti kú láti ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tó fi rí ibi ṣáàjì rẹ̀ ní kẹ́míìsì tó ti ń ṣiṣẹ́ ní New Benin, ohun tó kọ́kọ́ yọ lójú fóònù ni pé: “Ebi ń pa Àríkẹ́. Bí o kò bá bọ́ ọ lónìí, yóò wá ilé mìíràn lọ.”

Òní tí wọ́n ń wí yẹn, àná ni.

Àríkẹ́ kì í ṣe ènìyàn. Ẹ̀dá kékeré kan ni nínú eré orí fóònù tí wọ́n ń pè ní Àgbàlá, tí tọmọdé tàgbà ń bá ọ̀rẹ́ wọn ṣe. Olúkúlùkù ní àgbàlá tirẹ̀ níbẹ̀, á máa kó oríṣiríṣi ẹ̀dá tí kò sí irú wọn láyé jọ sínú rẹ̀, á máa bọ́ wọn, á máa wẹ̀ wọ́n, á máa rẹ̀ wọ́n sùn. Àríkẹ́ ní etí ehoro, ó ní ìrù ọ̀kín, bí inú rẹ̀ bá sì dùn, á máa yí bírí bírí bí òkòtó. Láti inú ẹyin ni Morọ́láyọ̀ ti tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n òfin eré náà le: ẹ̀dá tí ebi bá lé jáde di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún un, onítọ̀hún sì lè fún un lórúkọ tuntun.

Ọmọbìnrin náà wá a títí. Ibi tó ti rí i ni ibi tí wọ́n kọ Àgbàlá Èṣùbíyì sí lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Àwọn ọmọkùnrin inú eré náà fẹ́ràn orúkọ ẹlẹ́rù: ọ̀kan ń jẹ́ Ẹkùn, ọ̀kan ń jẹ́ Ikú-ń-Bọ̀. Ó rò pé èyí náà fi orúkọ dẹ́rù ba àwọn tó ń jí ẹ̀dá gbé ni. Ó kọ̀wé sí i pé: “Ọ̀gbẹ́ni Èṣù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ọmọ mi padà.”

Èsì dé kíá: “Ọmọ yín ti jẹun, ó ti sùn. Ìyá wo ló ń febi pa irú ọmọ báyìí?”

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ẹ̀dá tó ti ṣí kúrò lè gbà padà: àfi kí fóònù àwọn méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n bá fi ìpàdé sí ọ̀sán Sátidé, ní Ring Road, lẹ́bàá Oba Market.

Morọ́láyọ̀ ti rí ọkùnrin náà kó tó mọ̀ pé òun ni. Gbogbo ayé ló ń sáré níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ ń pariwo, alábàárù ń ké pé kí wọ́n yà lọ́nà. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan nìkan ló dúró ṣinṣin lábẹ́ agbòòrùn obìnrin tó ń ta ọsàn. Atẹ́gùn ti gbé táì rẹ̀ kọ́ èjìká, kò sì mọ̀, nítorí ọwọ́ méjèèjì ló fi gbá fóònù rẹ̀ mú, bí ẹni tó gbé abọ́ ọbẹ̀ tó kún dé etí.

“Ẹ̀yin ni Ìyá Àríkẹ́?” ó bi í, ó sì tẹrí ba díẹ̀, bí ẹni pé ìyá gidi ló ń kí.

“Èmi ni. Ẹ̀yin sì ni Èṣù. Mo ti rò pé ẹ máa ní ìwo.”

Ó fọwọ́ pa orí ara rẹ̀. “Mo fá a láàárọ̀.”

Wọ́n fi fóònù méjèèjì kan ara wọn. Àríkẹ́ fò láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí bírí. Ìgbà yẹn ni Morọ́láyọ̀ ṣàkíyèsí pé orúkọ rẹ̀ ṣì wà lókè orí rẹ̀ bí òun ti kọ ọ́. Ó béèrè ìdí tí kò fi yí i padà.

“Ó lórúkọ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi,” ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí. “Ẹni tó tọ́ ọ ló sọ ọ́. Kí ni tèmi níbẹ̀?”

Obìnrin ọlọ́sàn ti ń wò wọ́n láti ìgbà yìí. “Una wan buy orange abi una wan marry?” ó ní.

Ojú tì wọ́n, wọ́n ra ọsàn. Bí wọ́n ti ń mu ún, Morọ́láyọ̀ ní kó wá sọ orúkọ rẹ̀ gan-an fún òun. Ó ní Gbéminíyì ni òun ń jẹ́, orúkọ ìdílé òun sì ni Èṣùbíyì. Ọsàn há ọmọbìnrin náà lọ́fun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń lù ú lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ọsàn lè lọ. Ó ròyìn bí báńkì ṣe gbé òun kúrò ní Òṣogbo wá sí Benin, bí òun kò ṣe mọ ẹnikẹ́ni, bí àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ládùúgbò pàápàá ṣe ń fi Pidgin dá òun lóhùn. Bí òun bá ti ibi iṣẹ́ dé, àwọn ẹ̀dá inú àgbàlá òun nìkan ni òun ń kí.

Ẹ wá wo nǹkan. Láti ọjọ́ náà, ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa Àríkẹ́ lemọ́lemọ́. Kò ní pẹ́ tí wọ́n bá ti gbà á padà, á tún ti sá lọ. Gbéminíyì á kọ̀wé pé, “Ìyá Àríkẹ́, ọmọ rẹ tún ti dé o.” Morọ́láyọ̀ á dáhùn pé iṣẹ́ ló pọ̀. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé iṣẹ́ kò pọ̀. Sátidé di tiwọn, ọlọ́sàn di ẹlẹ́rìí wọn, “ẹ” di “o” lẹ́nu wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kan, Gbéminíyì wò ó lójú. “Rọ́láyọ̀ mi, ìrìnàjò yìí ti tó ọmọ náà. Jẹ́ ká sọ àgbàlá méjèèjì di ọ̀kan.”

Morọ́láyọ̀ pín ọsàn ọwọ́ rẹ̀ sí méjì, ó sì na ìdajì sí i.

Ìyá Morọ́láyọ̀ ń ta aṣọ ní Oba Market, òun náà sì ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá tí wọ́n ń lọ. Gbéminíyì ọmọ báńkì ni ó mọ̀ ọ́n sí, ó sì ti fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ fún un nínú ẹrẹ̀ ọjà láìwo ṣòkòtò ara rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló pè é wá sí ìsìn. Àṣà ṣọ́ọ̀ṣì náà ni pé kí àlejò dìde, kó sọ orúkọ rẹ̀, kí ìjọ pàtẹ́wọ́ fún un.

“Orúkọ mi ni Gbéminíyì Èṣùbíyì,” ó wí, ohùn rẹ̀ já gaara.

Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan lẹ́yìn ní, “Ẹ̀jẹ̀ Jésù.” Abẹ̀bẹ̀ ọwọ́ ìyá dúró sójú kan.

Nígbà tí wọ́n délé, ìyá kò pariwo. Ó jókòó, ó ń fọwọ́ nu ojú. Ó ní ọ̀pọ̀ ọdún ni òun fi ààwẹ̀ àti àdúrà lé Èṣù jáde nínú ilé yìí kí òun tó rí ọmọ kan ṣoṣo bí. Ṣé ọmọ náà ló máa wá lọ jẹ́ orúkọ rẹ̀? Kí ọmọkùnrin náà yí i sí Olúbíyì, bí àwọn mìíràn ti ṣe, òun á sì fi ọwọ́ ara òun fa ọmọ lé e lọ́wọ́. Bàbá, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, ní òun mọ àwọn tó ń jẹ́ orúkọ Olúwa tí kò ṣeé yá ní abẹ́rẹ́. Ìyá wò ó. Bàbá padà sídìí ìwé ìròyìn rẹ̀.

Morọ́láyọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Gbéminíyì bí ohun kékeré. Ó ní orúkọ lásán ṣá ni.

Gbéminíyì sọ ìtàn bàbá rẹ̀ àgbà fún un, ẹni tó ń jẹ́ Èṣùbíyì gan-an. Bàbá àgbà náà kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ rẹ̀, bàbá Gbéminíyì, ní òun fẹ́ ṣe ìrìbọmi, ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi pọ̀n ọ́n la odò tó kún kọjá lọ síbẹ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní kí ọmọ náà pa orúkọ bàbá rẹ̀ tì. Ọmọ náà ní orúkọ ẹni tó pọn òun wá ni, òun kò lè sọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí òun náà dàgbà tó ń kú lọ, ó ní kí Gbéminíyì bá òun tọ́jú orúkọ náà.

“Ṣùgbọ́n bàbá mi ti lọ, ìwọ lo kù fún mi,” ni Gbéminíyì wí. “N óò lọ búra orúkọ tuntun ní kóòtù ní Mọ́ńdè.”

Inú ọmọbìnrin náà dùn, ṣùgbọ́n ayọ̀ náà ń ta á lára bí aṣọ tuntun tí kò ba ara mu.

Ní Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, ó ṣí eré náà láti wo Àríkẹ́, tó wà lọ́dọ̀ Gbéminíyì lákòókò náà. Kò rí Àgbàlá Èṣùbíyì. Ó wá a, wá a. Nígbà tó pẹ́ ló rí ìrù ọ̀kín kan tó ń yí bírí ní ibi tí wọ́n kọ Àgbàlá Olúbíyì sí. Ọkùnrin náà ti ń dán orúkọ náà wò, bí ẹni tó ń wọ bàtà ẹlẹ́sẹ̀ kékeré, kó lè mọ̀ ọ́n rìn kó tó di Mọ́ńdè. Àjèjì ni ibẹ̀ lójú Morọ́láyọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ níbẹ̀ ni ohun tí wọ́n kọ sókè orí ẹ̀dá náà: Àríkẹ́.

Ọkùnrin náà ti bọ́ orúkọ tirẹ̀ kúrò lára nítorí òun. Orúkọ tí òun sọ Àríkẹ́, kò fọwọ́ kàn án. Morọ́láyọ̀ fi orí lé fèrèsé, ó sunkún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀ tó ń ká aṣọ ọjà. Ó sọ gbogbo rẹ̀, títí dórí ọkùnrin tó pọn ọmọ la odò. Ó ní òun kò ní kúrò nínú ìgbàgbọ́ tí ìyá fi bí òun, ṣùgbọ́n òun kò lè bọ́ orúkọ lára ẹni tí kò bọ́ ọ lára ẹranko inú eré pàápàá. Ìyá tú aṣọ tó ti ká tán, ó tún ń ká a. Morọ́láyọ̀ dìde, ó ti dé ẹnu géètì kó tó gbóhùn ìyá rẹ̀ lẹ́yìn.

“Ṣé ọmọ yẹn tiẹ̀ ti jẹun láàárọ̀ yìí?”

Ó wọ kẹ̀kẹ́. Nígbà tó dé iwájú kóòtù, Gbéminíyì ń gun àtẹ̀gùn lọ, atẹ́gùn ti tún gbé táì rẹ̀ kọ́ èjìká. Ọmọbìnrin náà pè é, ó sáré bá a, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ tún táì náà ṣe kó tó lè sọ̀rọ̀.

“Jẹ́ ká máa lọ sílé,” ó ní. “Ìyá mi ń béèrè bóyá o ti jẹun. Èmi kò mọ Olúbíyì rí. Ìwọ ni mo fẹ́ fẹ́, Gbéminíyì, orúkọ bàbá rẹ ni mo sì fẹ́ jẹ́.”